Táńkì Epo Ní Ọjọ́ Orí Tirẹ̀: Lẹ́tà sí Mínísítà Ètò Ìrìnnà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọlọ́lá jù lọ,

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Táńkì epo àti páìpù rọ́bà tó ń gbé epo nínú àwọn mọ́tò eré tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn máa ń gbó, bó ti wù kí ara mọ́tò náà máa dán tó, òfin tó sì wà nílẹ̀ báyìí kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ìgbà tí wọ́n tú wọn wò kẹ́yìn. Mo fẹ́ kí òfin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé àwa tí à ń sọ ọ́ pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Manchester. Títì kan náà ni àwa àti àwọn ọmọ onílẹ̀ jọ ń gbà, inú ilé ìgbọ́kọ̀sí kan náà la jọ ń gbé ọkọ̀ sí, iná tó bá sì ṣẹ́ yọ níbẹ̀ kò ní dúró béèrè ẹni tó ni mọ́tò tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti orí òfin náà. Láti ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún ọdún 2018, mọ́tò tó bá ti pé ogójì ọdún, tí wọn kò sì yí ẹ̀yà ara rẹ̀ padà gidigidi láàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọjá, ti bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ọdọọdún tí à ń pè ní MOT. Kó tó di ìgbà náà, láti 2012, mọ́tò tí wọ́n ṣe ṣáájú 1960 nìkan ló ní àǹfààní yìí. Nígbà tí iléeṣẹ́ yín béèrè èrò ará ìlú lórí rẹ̀, àwọn tó lòdì sí i pọ̀ ju àwọn tó fara mọ́ ọn lọ, ṣùgbọ́n ìjọba gbà pé àwọn tó ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́jú wọn dáadáa, pé wọn kì í sì í wà wọ́n lọ ibi tó jìnnà. N kò wá bá yín jà lórí ìpinnu yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé ogójì ọdún kì í dúró sójú kan. Mọ́tò tí wọ́n ṣe ní 1978 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú àǹfààní náà nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀, lọ́dọọdún ni ọdún mìíràn sì ń tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn ọdún tó ń wọlé báyìí ni ọdún tí àwọn iléeṣẹ́ mọ́tò gbé tọ́bò sórí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà wá sáàárín mọ́tò lẹ́yìn awakọ̀, tí wọ́n sì há táńkì epo mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná bí ààrò. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1987 yóò pé ogójì ní 2027. Òfin tó bá Morris Minor mu, mọ́tò jẹ́jẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú tí táńkì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá, kò fi dandan bá mọ́tò tó ń sá ju igba kìlómítà lọ ní wákàtí kan mu.

Ẹ wo Lotus Esprit bí àpẹẹrẹ. Hethel ní Norfolk, lórí pápá ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni wọ́n ti ṣe é láti 1976 títí di 2004, Giorgetto Giugiaro ará Ítálì ló sì ya àwòrán rẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn lé díẹ̀ ní 10,000. Òun ni mọ́tò funfun tó wọ inú òkun lọ nínú fíìmù James Bond ti 1977, àwọn ọmọ tó wo fíìmù náà nígbà yẹn sì ni àgbàlagbà tó ń rà á lónìí. Ara Esprit kì í ṣe irin. Fáíbà ni, kò sì lè dípẹtà láéláé. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń ra mọ́tò àtijọ́ ti kọ́ láti máa wo ìpẹtà lára ilẹ̀kùn àti ní ara mọ́tò tó yí táyà ká, nígbà tí kò bá sì rí i níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ Esprit, táńkì méjì ló wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lápá òsì, páìpù kan sì so wọ́n pọ̀ nísàlẹ̀ kí epo lè dọ́gba nínú méjèèjì. Irin ni wọ́n fi ṣe táńkì wọ̀nyí. Wọ́n wá fi fóòmù tẹ́ ibi tí wọ́n jókòó sí, kí irin má baà máa gbọ̀n kó sì máa ha. Ète rere ni fóòmù yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n omi òjò tí táyà ẹ̀yìn ń fọ́n sókè, pẹ̀lú iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù, ń wọ inú rẹ̀, fóòmù á mu ún bí kànìnkànìn, á sì gbá a mọ́ irin náà lára fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, bí mọ́tò tilẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ láti ìta, á máa jẹ irin lọ sínú, ní ìsàlẹ̀ táńkì àti ní etí ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin, níbi tí ojú kò ti lè rí i tí ọwọ́ kò sì lè dé, àyàfi tí wọ́n bá tú táńkì náà jáde pátápátá.

Fóòmù yìí tún ń ṣe ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rò. Bó ṣe ń mu omi náà ló ń mu epo. Nígbà tí ihò àkọ́kọ́ bá lu, ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, epo kò ní kán sílẹ̀ kí onímọ́tò rí i. Á máa sun wọ inú fóòmù, fóòmù á sì máa yọ ooru epo jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ, òórùn náà ni àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò wọn sì máa ń kọ́kọ́ dárí jì. Wọ́n á ní mọ́tò àtijọ́ kò ṣàìrùn epo. Wọ́n á ní ìdérí táńkì ni kò dé dáadáa. Wọ́n á yí ìdérí padà, òórùn á dín kù fún ìgbà díẹ̀ torí pé epo inú táńkì ti lọ sílẹ̀ kọjá ibi tó lu, ọkàn wọn á sì tún balẹ̀. Nígbà tí epo bá fi máa kán sórí sìmẹ́ǹtì kí ojú tó rí i, ọjọ́ ti pẹ́ tí táńkì náà ti ń jò.

Mo ti fi irin sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sórí rọ́bà. Ferrari F40, tí wọ́n fi han aráyé ní Maranello ní 1987, mọ́tò tuntun tí Enzo Ferrari fi han kẹ́yìn kó tó kú ní 1988, kò lo táńkì irin nínú èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù. Àpò rọ́bà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí èyí tí wọ́n ń lò nínú mọ́tò ìdíje, pẹ̀lú fóòmù nínú wọn kí epo má baà máa ru gùdù. Mọ́tò yìí lé díẹ̀ ní 1,300 ní gbogbo ayé, owó rẹ̀ lónìí ti wọ mílíọ̀nù, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń tún un ṣe tó ń sọ pé àpò rọ́bà náà kì í kú. Bí ọdún mẹ́wàá bá ti pé, pípààrọ̀ ni. Bí mọ́tò náà tilẹ̀ wà nínú gíláàsì tí kò rìn ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà, rọ́bà á gbẹ, á le, á sán. Àjọ FIA tó ń darí eré mọ́tò láyé tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òfin wọn, a gbọ́dọ̀ tẹ ọjọ́ sára àpò epo, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí ẹni tó ṣe é gbà á padà, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì fọwọ́ sí i fún ọdún méjì sí i. Wọn kò béèrè bóyá ó ń jò. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìbéèrè méjèèjì yìí ni gbogbo ohun tí mo wá sọ fún yín.

Ọlọ́lá jù lọ, ìjọba tiyín náà ti gba irú èrò yìí wọlé rí, lórí rọ́bà kan náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2012, bọ́ọ̀sì akérò kan tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ bọ̀ láti àjọ̀dún orin ní erékùṣù Wight kọlu igi lẹ́bàá Hindhead ní Surrey, ènìyàn mẹ́ta sì kú. Táyà iwájú rẹ̀ kan ló bẹ́. Ojú táyà náà kò jẹ tán, ẹni tó bá wò ó kò ní rí àbùkù kankan tí òfin ìgbà náà kà sí, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mọ́kàndínlógún. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó kú tó rí ìdáhùn gbà, àmọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì 2021, táyà tó bá ti lé ọdún mẹ́wàá kò gbọ́dọ̀ wà níwájú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tàbí bọ́ọ̀sì akérò mọ́ ní ilẹ̀ yìí, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì gbọ́dọ̀ hàn lára rẹ̀. Ohun tí òfin yẹn fi hàn ni pé rọ́bà lè kú láìjẹ́ pé ojú rí i, àti pé ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ nípa rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́, mo rò pé ó jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rọ́bà tó gbé epo bẹntiróò.

Epo náà fúnra rẹ̀ kò sì dúró bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ìjọba sọ E10 di epo gbogboogbò ní ilé epo: epo tí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lè jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí í ṣe ọtí. N kò takò ó, ìdí tó wà fún un nípa afẹ́fẹ́ àyíká dá mi lójú. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló kìlọ̀ pé àwọn mọ́tò àtijọ́ wà lára èyí tí E10 lè máà bá lára mu, tó sì ní kí wọ́n máa ra epo olówó gọbọi tí ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún lọ. Ọtí a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Nínú mọ́tò tí à ń wà lójoojúmọ́, epo kì í pẹ́ nínú táńkì débi tí omi á fi rí àyè. Nínú mọ́tò tó jókòó láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kẹrin, omi á kún inú epo títí ọtí àti omi á fi jọ kúrò lára epo, tí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, wọ́n á sì dùbúlẹ̀ sórí irin níbẹ̀. Báyìí ni ìpẹtà fi ń bá irin náà láti inú nígbà tí fóòmù ń bá a láti ìta. Ọtí yìí kan náà sì ń ba irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe páìpù epo ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn jẹ́: á sọ ọ́ di rírọ̀, á wú, tó bá sì tún gbẹ, á sán.

Nítorí èyí ni n kò fi lè gba ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fi dáhùn, pé mọ́tò wọ̀nyí kì í rìn púpọ̀, ewu wọn kò sì pọ̀. Bírékì ni ìrìn ń jẹ, táyà ni ìrìn ń jẹ. Táńkì epo kì í gbó nítorí ìrìn nìkan. Ìjókòó ló ń gbó o. Àìrìn tí òfin 2018 kà sí ààbò wà lára ìdí àìsàn náà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ líle létí ẹni tó ń fi aṣọ bo mọ́tò rẹ̀ lálaalẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ irin àti omi ti rí nìyẹn.

Àwọn mìíràn á ní ìfẹ́ tí onímọ́tò ní sí mọ́tò rẹ̀ ti tó. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ náà, òun ló jẹ́ kí Esprit kankan ṣì wà lójú títì lónìí. Síbẹ̀, ibi tí ojú bá dé ni ìfẹ́ sábà máa ń lọ: ọ̀dà, awọ àga, ohùn ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ táńkì Esprit kò ní ẹwà kankan nínú. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló ń gbà, nǹkan pọ̀ tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú kúrò kí táńkì tó ráyè jáde, nígbà tí wọ́n bá sì parí, mọ́tò náà á rí bó ṣe rí lánàá. Kò sí àlejò tó máa yìn ín. Nítorí náà ni wọ́n fi ń sún un síwájú, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹlòmíràn kó tó di ṣíṣe, ẹni tó rà á á sì rò pé ẹni tó tà á ti ṣe é. Àwọn kan tilẹ̀ ń da oje tó ń dí ihò sínú táńkì láìtú u. Oje náà ń bo inú, nígbà tí ìpẹtà ń jẹ ẹ́ láti ìta. Ẹ́tánọ́ọ̀lù sì lè bó òmíràn nínú oje bẹ́ẹ̀ kúrò, kí àfọ́kù rẹ̀ lọ dí páìpù àti pọ́ńpù epo. Ẹlòmíràn á ní kí wẹ́dà kan ṣáà bá òun jó o pa. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wẹ́dà mọ̀ pé táńkì tí epo ti gbẹ nínú rẹ̀ burú ju èyí tó kún lọ, nítorí pé ooru epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù, kì í ṣe epo.

Ooru epo yìí gan-an ni kò jẹ́ kí n gbà pé kí a dúró de ìgbà tó bá jò. Bẹntiróò ń yọ ooru tó lè gbiná kódà nígbà tí òtútù bá ti lọ sí 40 nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ooru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀, torí náà kì í fò lọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń rá pálá gbà, á wọ kòtò, á wọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí kò bá ju ìdá kan àtààbọ̀ lọ nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ó ti tó láti gbiná. Ní ilẹ̀ yìí, gáréèjì sábà máa ń fara ti ilé, inú rẹ̀ sì ni àwọn kan ń gbé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná àti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ sí. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. Ẹni tó ní òun lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀mí ara òun wewu gbọ́dọ̀ rántí pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín gáréèjì rẹ̀ àti yàrá ọmọ aládùúgbò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2017, iná kan bẹ̀rẹ̀ lára mọ́tò kan ṣoṣo nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ lẹ́bàá gbọ̀ngàn eré kan ní Liverpool. Mọ́tò tó jóná níbẹ̀ lé ní 1,000. N kò sọ pé táńkì jíjò ló dá a sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́ wa ni bí epo ṣe ń rìn nígbà tí iná bá ti dé: táńkì kan á yọ́, epo tó ń jó á máa ṣàn wọ ojú àgbàrá, á gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá mọ́tò tó wà ní àjà ìsàlẹ̀. Àwọn panápaná ló ń wọ irú ibi bẹ́ẹ̀ lọ nítorí wa. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ táńkì ẹnì kan fi jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

Ẹnì kan á wá béèrè pé, ó dáa, kí ló dé tí n kò sọ pé kí wọ́n dá MOT padà? Torí pé MOT kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, epo jíjò wà lára ohun tó ń mú kí mọ́tò kùnà nínú àyẹ̀wò náà, bí jíjò náà bá sì lè dá iná sílẹ̀, ewu gidi ni wọ́n á kọ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò kò ní àṣẹ láti tú nǹkan. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ló ń kọ. Esprit kan lè kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ pẹ̀lú táńkì tí ìpẹtà ti jẹ dé bébà, nítorí pé fóòmù ló bo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àyẹ̀wò tó ń dúró de kí epo kán kò yàtọ̀ sí dókítà tó ń dúró de kí aláìsàn ṣubú. Ẹ̀wẹ̀, ẹ lè sọ pé òfin ti wà tó ní kí mọ́tò èyíkéyìí tó bá wà lójú títì wà ní ipò tó yẹ, bó tilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ MOT, pé owó ìtanràn tó tó £2,500 sì ń dúró de ẹni tó bá wa mọ́tò eléwu. Òfin náà dára. Ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, ẹni tó mọ̀ pé mọ́tò òun ní ewu nìkan ni ìbẹ̀rù rẹ̀ sì lè dá dúró, bẹ́ẹ̀ ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ̀.

Àtakò tó wúwo jù létí mi ni ti owó. Kì í ṣe gbogbo onímọ́tò àtijọ́ ló lówó. Àwọn kan ra Esprit nígbà tí kò wọ́n, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, táńkì tuntun méjì pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ á sì dùn wọ́n. Torí wọn ni mo fi ń dábàá pé kí a máa tú táńkì irin àti ti alumíníọ̀mù wò ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá dípò ọdún márùn-ún, torí wọn náà ni n kò fi sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tú u jáde, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ dán an wò bóyá ó ń jò, kí wọ́n ju fóòmù àtijọ́ nù, kí wọ́n fi ọ̀dà tó dáa bò ó, kí wọ́n sì fi ohun tí kì í mu omi tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣì dára, kó padà sí àyè rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́. Ní ti àpò rọ́bà, kò sí ohun tí àyẹ̀wò lójú lásán lè sọ nípa rẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tó ṣe é bá fún un ni kí a tẹ̀ lé. Àwọn páìpù rọ́bà kò wọ́n; kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà sí irú èyí tí ẹ́tánọ́ọ̀lù kò lè bà jẹ́. Ẹ̀rù tó tún ń ba àwọn olùkójọ ni pé mọ́tò tí kò ní táńkì tó bá a jáde láti iléeṣẹ́ kì í ṣe ojúlówó mọ́. Kí wọ́n gbé táńkì àtijọ́ náà sórí pẹpẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ epo inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n so ìwé mọ́ ọn, kó sì máa bá mọ́tò náà lọ sọ́wọ́ ẹni tó bá rà á. Kò sí ẹni tó ń béèrè táyà 1987 lára mọ́tò 1987 kó tó gbà pé ojúlówó ni.

Ọlọ́lá jù lọ, ohun tí mo ń tọrọ kò gba iléeṣẹ́ tuntun tàbí òṣìṣẹ́ tuntun. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún owó orí ọkọ̀ láìlọ fún MOT ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé mọ́tò òun yẹ fún ìdásílẹ̀ náà, ìwé tí wọ́n sì fi ń ṣe é ni V112. Ẹ fi ìlà méjì kún un. Ẹni tó bá kọ irọ́ síbẹ̀, òfin tó wà fún irọ́ ni kó mú un. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kọ síbẹ̀, ẹ fún un ní ọdún kan kó lọ wá ohun tí yóò kọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra mọ́tò náà á mọ ohun tó yẹ kó béèrè, nítorí pé ìbéèrè náà ti wà nínú ìwé ìjọba. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyí, kí mọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní 1987 tó pé ogójì ọdún:

Ọjọ́ tí a tú táńkì epo ọkọ̀ yìí jáde kẹ́yìn, tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò tàbí tí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí a pààrọ̀ gbogbo páìpù rọ́bà tó ń gbé epo nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba títì yín